Àwa La Da Á: Ọ̀rá Píọ̀-wọ́tà àti Ṣọ́ọ̀bù Màmá Ẹlẹ́wà

Àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé yàrá kan la jọ kọ èyí, nítorí náà bí ẹ bá rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń fì sọ́tùn-ún, tó ń fì sósì, ẹ má bínú. Ẹnu wa kò kò lórí gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a fẹnu kò lé lórí ni pé a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, ká má sì yọ ara wa kúrò níbẹ̀.

Ìbàdàn là ń gbé, nínú ilé olójúlé mẹ́jọ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà lára ògiri ìta, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti kó dé, a ò rí i kí omi kán tó níbẹ̀ rí. Kànga wà lẹ́yìnkùlé, àmọ́ ihò tí ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ilé ń lọ kò jìnnà sí i rárá. À ń fi omi kànga náà wẹ̀, à ń fi fọṣọ, a sì máa ń fi fọ abọ́ bí kò bá sí ẹni tó ń wo wa. Kò sẹ́ni tó jẹ́ mu ún. Inú ọ̀rá ni omi tí à ń mu ti ń wá: píọ̀-wọ́tà, ogún ọ̀rá nínú àpò kan.

Gọ́tà kan gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Màmá Ẹlẹ́wà, kó tó já sí odò kékeré kan nísàlẹ̀ àdúgbò. Màmá Ẹlẹ́wà kì í ṣe orúkọ rẹ̀ o. Ẹ̀wà tí ènìyàn ń jẹ ló ń tà, ẹ̀wà àti mọ́ín-mọ́ín, ìrẹsì lọ́jọ́ Ẹtì. (Pé ó tún rẹwà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Bí owó kò bá tíì ti ilé wá, òun ló ń bọ́ wa. A ó kàn sọ pé, "Màmá, ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀," yóò sì fa ìwé olójú-ewé ogójì kan yọ lábẹ́ tábìlì, yóò kọ orúkọ wa àti iye rẹ̀. Ìwé yẹn ti pẹ́ ju àwa lọ ládùúgbò. Àwọn tó ti gboyè jáde, tí wọ́n ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, orúkọ tiwọn ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí à ń sọ yìí, Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù kẹfà, nígbà tí a wà ní ọdún kejì. Àárọ̀ ọjọ́ náà la ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ gbogbogbòò, èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe. Wọ́n ní ká ṣàlàyé ìdàgbàsókè tó lè tọ́jọ́. Ẹ wá wo àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí a ṣe ń kọ ọ́ wìtìwìtì. A kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀, tí Gro Harlem Brundtland ti Norway jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1987, pé ó ní kí àwọn tó wà láyé báyìí jẹ tiwọn láìba ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́. A kọ ọ́ pé ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí àfojúsùn 17 tí wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ kó tó di ìparí 2030, pé ìkejìlá dá lórí bí a ṣe ń ṣe nǹkan jáde àti bí a ṣe ń lò ó. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ rántí pé abẹ́ ìkejìlá yẹn ni wọ́n ti ní kí a dín pàǹtírí kù gidigidi, ká máa tún nǹkan lò. Máàkì tó gbà nínú ìdánwò náà dára púpọ̀. Títí di òní, kò jẹ́ ká gbàgbé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni òjò ṣú.

Àpò ìrẹsì ńlá méjì tó kún fún ìdọ̀tí wà lábẹ́ àtẹ̀gùn wa. Ọkọ̀ àwọn kólẹ̀kódọ̀tí kò tíì wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní láńlọ́ọ̀dù wa kò sanwó. Láńlọ́ọ̀dù ní òun san án. Ẹjọ́ náà kò tíì parí dòní, a ò sì ní dá a níbí. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé àpò méjèèjì ti ń rùn, ìdin ti ń yọ lára ọ̀kan, yàrá wa ló sì súnmọ́ ọn jù.

Nígbà tí òjò náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tó ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń da á látorí òrùlé, méjì nínú wa dìde. Ọ̀kan tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Wọ́n gbé àpò kìíní, wọ́n dà á sínú gọ́tà. Wọ́n padà wá gbé èkejì. Àwa méjì tó kù kò gbé nǹkan kan, ṣùgbọ́n a di ilẹ̀kùn mú fún wọn kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ní òun kò sí níbẹ̀. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ìlú yìí: ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ ni wọ́n ń gbé ìdọ̀tí jáde. Òjò á bá wọn gbé e lọ. Bó bá di àárọ̀, gọ́tà á mọ́ bí abọ́ tí ajá lá. Ibi tó gbé e lọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

A sùn dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn wá.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ kékeré kan láti ìsàlẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn, ó ní Màmá ní kí àwọn tó ń gbé ilé wa wá. Nígbà tí a dé ọ̀hún, omi ti fà, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wà lára ògiri títí dé orúnkún. Fírísà rẹ̀ dojúbolẹ̀. Àpò ẹ̀wà olóyin kan tí kò tíì tú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ọjà Bódìjà lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, ti mu omi títí ó fi wú. Ẹ̀yin tó mọ iye tí àpò ẹ̀wà ń jẹ́ lásìkò yìí, ẹ mọ ohun tí à ń wí.

Kò pariwo. À bá fẹ́ kó pariwo. Ó ti fi ṣọ́bìrì kó ohun tó dí ẹnu gọ́tà jáde, ó kó o jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù bí òkìtì ọ̀gán. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rá dúdú tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà bébà Indomie, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó na ṣọ́bìrì sí òkìtì náà, ó ní:

"Ẹ̀yin tó wà lókè, ẹ wá ka tiyín."

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wa rí i: bébà kan wà lẹ́sẹ̀ òkìtì náà, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ tí a ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí ó fi bíírò kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sí lókè. Omi ti rẹ ẹ́, ṣùgbọ́n inki bíírò kì í tètè parẹ́. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀gún gún.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé gbèsè náà, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Omi gbé e. Nígbà tí Màmá rí i lẹ́yìn fírísà, ó ti di ẹ̀kọ, ojú ewé ti lẹ̀ mọ́ra wọn, kò sí ohun tí ènìyàn lè kà níbẹ̀. Ó wá ń bi oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé, "Jọ̀ọ́, èló lo jẹ mí?" Ohun tí oníkálukú bá sọ náà ló ń kọ. Kí la fẹ́ fi pè é? Àwa tí a da omi sí i lórí, àwa náà la tún fẹ́ fẹnu wa sọ iye tí a jẹ ẹ́.

A ò ní purọ́ fún yín. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú wa sọ pé bí a bá sọ ìdajì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kò sọ ọ́ bí eré. Èkejì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì jọ ẹni tó ń rò ó. A jókòó síbẹ̀ títí iná fi lọ. Nígbẹ̀yìn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó tẹ bébà mọ́lẹ̀ mú fóònù rẹ̀, ó ń wá gbogbo ọjọ́ tí owó ti ilé wọlé fún un, ó ń fi ṣírò àwọn ọjọ́ tí kò sówó, tí ó ní láti jẹ́ pé àwìn ló jẹ. A bá a ṣe é. Àròpọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a rò lọ. Iye náà la sọ fún Màmá. Oṣù méjì àti ààbọ̀ ló gbà wá ká tó san án tán.

A ò wá sọ fún un pé àwa la da á. Ẹ ṣe sùúrù.

Láńlọ́ọ̀dù wa, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wá wo ṣọ́ọ̀bù náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó jókòó sórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà ará Ìbàdàn nílé, ẹ ti gbọ́ ọ: ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980, tí odò Ògùnpa kún àkúnya tó sì pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún wa ní kékeré, bí àlọ́ ló ń ṣe wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 2011, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn yìí kan náà, ó sì tún pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn kì í ṣe àlọ́ fún wa, a ti láyé nígbà náà. Ohun tó yà wá lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ baba ni èyí tó sọ kẹ́yìn: pé ní 1980, kò sí píọ̀-wọ́tà. Ilé tí wọ́n kọ́ sétí odò àti ààtàn tí wọ́n dà sínú rẹ̀ ló ṣe é, pẹ̀lú òjò tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rá nìkan ni ọ̀tá. Bí kò bá sí ọ̀rá, ènìyàn á rí nǹkan mìíràn dà sódò.

Lẹ́yìn èyí ni ìtara wá dé. Ẹ mọ bí ìtara akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rí. A ní a ò ní da ọ̀rá kankan nù mọ́, a ó máa kó wọn jọ, a ó máa tà wọ́n. A ti gbọ́ pé wọ́n ń rà á: pé ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ti ń ṣe é, pé bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, tí wọ́n yọ́ ọ, wọ́n lè fi ṣe ọ̀rá mìíràn. Òótọ́ ni. A so okùn mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń sá ọ̀rá sórí rẹ̀ bí ẹni sá aṣọ ọmọ tuntun, nítorí ẹni tó ń rà á kì í gba èyí tí omi wà lára rẹ̀. Omi máa ń mú un wúwo lórí òṣùwọ̀n. Àwọn ará ilé fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí la tún fẹ́ sá, ṣé pọ́nmọ́ ni?

A kà á fún oṣù kan gbáko. Àpò píọ̀-wọ́tà 31 ni àwa mẹ́rin mu. Ìyẹn ọ̀rá 620. Bí yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ń mu bíi tiwa, ó kù díẹ̀ kó pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún lóṣù kan, nínú ilé kan ṣoṣo, ní àdúgbò tí ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kà lọ.

Wàhálà títà rẹ̀ wá dé. Àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù tó ń ti ọmọlanke kiri kò gbà á. Irin ni wọ́n ń fẹ́, àti bátìrì ọkọ̀, àti ìkòkò tó ti jò. A bi ẹni tó ń ra ìgò, ó ní òun kò mọ ẹni tó ń ra ọ̀rá. Ọ̀sẹ̀ kejì la tó rí obìnrin kan lẹ́bàá ọjà tó ń rà á ní kílò. A gbé àpò wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga. Ó kún bí àpò òwú. Obìnrin náà gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, ó wo ojú wa, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rá 620 náà lé díẹ̀ ní kílò kan péré. Owó tó kà fún wa kò tó ra àpò píọ̀-wọ́tà kan. Owó mọ́tò tí a wọ̀ débẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Bí a ti ń bọ̀ nílé, a jà. Ó yẹ ká sọ ìyẹn náà. Ọ̀kan nínú wa ní òun kò ṣe mọ́, pé àwọn tó ń dá omi sínú ọ̀rá ló yẹ kó wá kó ọ̀rá wọn, pé owó omi la san, a ò bá wọn ra ìdọ̀tí. Òmíràn ní kí ìjọba fòfin dè é bí wọ́n ṣe ṣe ní Rwanda ní 2008, tí wọ́n fòfin de ọ̀rá ìkẹ́rù, àti Kenya ní 2017. Ó tún ní ní Rwanda, gbogbo ìlú ló ń jáde ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹni kìíní ní àwa náà ní irú ẹ̀ níbí láti ayé Buhari àti Idiagbon, kí ló sì ti dà? Ọjọ́ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní títì ló dà.

Àwa náà ti rò ó títí. Ohun tí ẹni tó ń bínú yẹn sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìdí tí a fi ń mu omi inú ọ̀rá ni pé omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Adágún Ẹlẹ́yẹlé ti wà láti 1942, wọ́n sì ṣí ti Aṣéjíre ní 1972, nítorí kí Ìbàdàn lè rí omi mu ni. Màmá Ẹlẹ́wà sọ fún wa pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹ̀rọ ni òun ti ń pọnmi, òun sì ń tò sórí ìlà pẹ̀lú garawa. Lẹ́yìn náà ni omi tútù tí wọ́n fi ife bù láti inú kúlà dé, kan náà ni ife tí gbogbo ènìyàn fi ń mu ún. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rá tí wọ́n fọwọ́ so, kó tó wá di pé ní nǹkan bí 1990 sókè, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lẹ̀ pa gbòde. Ọ̀rá yẹn gba ẹ̀mí là, ẹ jẹ́ ká má ṣe àìmoore. Ife àjùmọ̀lò yẹn, àìsàn tó lè ti ibẹ̀ wá kò kéré. Bí wọ́n bá wá fòfin de ọ̀rá lọ́la láìjẹ́ pé omi ẹ̀rọ yọ, kànga tó wà lẹ́bàá ihò ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn la máa padà sí. Èyí tí kò ní olóòtọ́ kan tó máa sọ ni pé ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí àdúgbò wa, ọ̀rọ̀ omi ni kó tó di ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìjọba ló gbé àpò méjì yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwa ni.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn àgbàrá náà la tó sọ fún Màmá. Àárọ̀ Sátidé ni, à ń bá a ṣa ẹ̀wà. (A ti ń lọ bá a ṣiṣẹ́ ní Sátidé, a ò sọ ìdí rẹ̀ fún un.) Ẹni tó tẹ bébà mọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwa la da ìdọ̀tí yẹn sí gọ́tà lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Màmá kò gbójú sókè. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó ní, "Bébà tí o fẹsẹ̀ tẹ̀ ńkọ́, o padà wá mú un?"

Ara wa tutù.

"Mo ti kà á kí ẹ tó dé. Èmi náà lọ ilé ìwé díẹ̀." Ó ju òkúta kan sẹ́yìn. "Mo ní kí n wo bóyá ẹ máa sọ ọ́. Ẹ pẹ́ o."

A dọ̀bálẹ̀, ẹni tó jẹ́ obìnrin nínú wa kúnlẹ̀. Ó ní ká dìde, ká má da ẹ̀wà òun nù. Ohun tó sọ lẹ́yìn náà la ò lérò. Ó ní òun náà ti da ti òun rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Omi tí òun fi fọ ìkòkò, èèpo ẹ̀wà, ọ̀rá mọ́ín-mọ́ín, bí òjò bá ti ń rọ̀, inú gọ́tà kan náà ni. Ó ní àwọn Hausa kan wà nísàlẹ̀, létí odò, tí wọ́n gbin ẹ̀fọ́, pé òun kò tíì débẹ̀ wò láti ọjọ́ yìí wá, pé ojú ń ti òun.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá mọ́ín-mọ́ín yẹn la bá mú. A bi í pé kí ló dé tí kì í fi ewé pọ́n ọn mọ́, ó ṣe tán, ti ewé ló dùn jù. Ó wò wá bí ẹni pé a bú u. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ti ewé ti wọ́n jù?" Ó sọ òótọ́. Nígbà tó ń fi ewé pọ́n ọn, ó ń ra ewé, ó ń nù ún, ó ń ká a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀rá yá, kò sì náni lówó. Ó kọ́kọ́ ń ta méjèèjì pọ̀. Ti ọ̀rá ló ń tán, ti ewé ń ṣẹ́kù. Àwa la rà á títí ewé fi parẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni òun fúnra rẹ̀ mú àbá kan wá, àbá yẹn nìkan ló sì dúró títí di òní nínú gbogbo ohun tí a ti dáwọ́ lé. Ó ní ẹni tó bá gbé abọ́ tirẹ̀ wá, òun kò ní ná owó ọ̀rá lórí rẹ̀, nítorí náà òun yóò fún un ní ènì. Ṣíbí ẹ̀wà kan. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ gbọ́ o: a ti lẹ ìwé mọ́ ògiri, a ti ṣe ìpàdé, a ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ilé, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Ènì ṣíbí ẹ̀wà kan, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ilé ti ń gbé abọ́. Àwọn tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń gbé abọ́ tó tóbi jù. Ọ̀kan ti fẹ́ gbé garawa wá, Màmá lé e padà.

Ti píọ̀-wọ́tà, a ò rí ojútùú rẹ̀ tán. A dáwó jọ ra ìgò omi ńlá tí wọ́n máa ń rọ omi sí padà, èyí tó ń gba nǹkan bí lítà ogún, ilé iṣẹ́ omi kan ládùúgbò sì ń bá wa rọ ọ́. Ọ̀rá tí à ń lò nínú yàrá ti dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá wà níta, tí oòrùn mú, ọ̀rá náà la ṣì ń rà. Èyí tó bá jọ, à ń sá a, à ń fún obìnrin ẹ̀bá ọjà yẹn nígbà tí ọ̀kan nínú wa bá ní iṣẹ́ mìíràn lọ ṣe lápá ibẹ̀, kí owó mọ́tò má baà jẹ́ àdánù. Ẹni tó ní òun kò ṣe mọ́, kò ṣe mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò da tirẹ̀ sí gọ́tà. Ó ń kó o sínú àpò wa láìsọ nǹkan kan, àwa náà kì í sì sọ pé a rí i.

Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Láńlọ́ọ̀dù àti àwọn ọkọ̀ ìdọ̀tí ṣì ń bá ẹjọ́ wọn lọ. A gbá gọ́tà náà ní Sátidé tó kọjá, láti ẹ̀yìn ilé wa dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́bìrì Màmá la sì lò. Lẹ́yìn tí a ṣe tán, ó bu ẹ̀wà fún wa, owó kò sì sí lọ́wọ́ wa. Ó nawọ́ sókè, sórí pákó tó ti kàn mọ́ ògiri báyìí, ó mú ìwé tuntun tó fi ń kọ gbèsè sọ̀kalẹ̀. Nítorí omi, ó ti wé e sínú ọ̀rá píọ̀-wọ́tà méjì, ó fi rọ́bà dì í. Ó tú u, ó kọ orúkọ wa, ó tún wé e padà.